Ṣé ìṣọ̀kan àwọn ẹ̀yà nínú Ẹ̀sìn Bahá'í gba kí adúláwọ̀ panu mọ́?

Olùwádìí béèrè pé:

Mo kí ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi níbí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí èmi àti ìyàwó mi ti ń lọ sí ìpàdé àdúrà àwọn Bahá'í ní ìlú tí a ń gbé ní gúúsù Amẹ́ríkà. A kò tíì forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa wà ní kíláàsì àwọn ọmọdé, èmi náà sì ti ka púpọ̀ nínú ìwé Bahá'u'lláh, ẹni tí ó dá ẹ̀sìn náà sílẹ̀, débi pé ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ mí lọ́kàn. Ohun tí ó fà mí mọ́ra jù lọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé inú erùpẹ̀ kan náà ni Ọlọ́run ti dá gbogbo wa, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ara rẹ̀ ga ju ẹnìkejì lọ.

Ohun tí ó ń dà mí láàmú nìyí. Ní ìpàdé kan láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn tí a ti gbàdúrà tán, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ti pẹ́ nínú ẹ̀sìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú ọmọkùnrin rẹ̀ rí lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n dá a dúró lójú ọ̀nà. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò bú ẹnikẹ́ni. Kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan fi fi ohùn pẹ̀lẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí ó ní ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ni ó kó wa jọ síbẹ̀, kí a fi ohun tí ó ń pín wa níyà sílẹ̀. Gbogbo yàrá pa rọ́rọ́. Obìnrin náà pa ìwé àdúrà rẹ̀ dé, ó fi í sínú àpò, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi túká.

Nígbà tí a ń jẹ ìpápánu, ọkùnrin yìí kan náà tọ̀ mí wá, ó dì mí lọ́wọ́ mú tìfẹ́tìfẹ́, ó ní inú òun dùn sí ìdílé mi, nítorí pé àwa tí a wá láti Áfíríkà kì í di ìbínú sínú bí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí. Ó dá mi lójú pé ìyìn ni ó kà á sí.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Bahá'í, tàbí tí ẹ ti jẹ́ ẹ rí, là mí lọ́yẹ̀. Ṣé ohun tí ẹ̀sìn náà ń pè ní ìṣọ̀kan nìyí, pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni yóò máa dákẹ́ kí ilé lè tòrò? Mo tún fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà tí ìpàdé bá parí: ṣé àwọn ènìyàn ń wọ ilé ara wọn, ṣé wọ́n ń fẹ́ ara wọn, ṣé ọ̀rọ̀ adúláwọ̀ sì ń múlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí tí ojú yín rí fún mi. Mo ti ka àwọn ìwé ìléwọ́.

Bàbá Àgbà dáhùn pé:

Olùwádìí, ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí ìyàwó rẹ. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti di Bahá'í, ìpínlẹ̀ South Carolina ni mo sì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn. Mi ò ní fi bọpo bọyọ̀ fún ọ: ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe kì í ṣe ìṣọ̀kan, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn náà kò sì fún un láṣẹ láti ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn Bahá'í aláwọ̀ funfun kan wà ní Washington tí ara wọn kò gba kí wọ́n bá adúláwọ̀ jókòó nínú yàrá kan náà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Louis Gregory wọ̀ nígbà tí ó gba ẹ̀sìn náà ní ọdún 1909. Charleston, ní ìpínlẹ̀ tí mo ń gbé yìí, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1874 fún àwọn òbí tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà sọ di òmìnira. Ó kàwé di agbẹjọ́rò ní Howard University, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adúláwọ̀ ní Washington. 'Abdu'l-Bahá, ọmọ Bahá'u'lláh, tí ó jẹ́ olórí ẹ̀sìn náà nígbà yẹn, kọ̀wé sí i pé òun ní ìrètí pé yóò di ẹni tí àwọn aláwọ̀ funfun àti adúláwọ̀ yóò tipasẹ̀ rẹ̀ gbójú kúrò lára àwọ̀, tí wọn yóò sì rí ènìyàn gan-an.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1912, 'Abdu'l-Bahá fúnra rẹ̀ wà ní Washington. Ó bá àwọn ènìyàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sọ̀rọ̀ ní Howard University, lẹ́yìn náà ni ó lọ jẹun ọ̀sán ní ilé aṣojú ìjọba Páṣíà, níbi tí wọ́n ti pe àwọn ènìyàn ńláńlá sí. Bí ìlànà àwọn ọlọ́lá ìlú náà ṣe rí, wọ́n ti to àga, wọ́n sì ti mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò jókòó. Ó ti ránṣẹ́ pe Gregory wá pé kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ ṣáájú oúnjẹ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí yóò jẹun. Nígbà tí wọ́n ké sí àwọn àlejò pé oúnjẹ ti délẹ̀, ó fẹ́ rọra máa bá tirẹ̀ lọ. 'Abdu'l-Bahá jókòó, ó wò yíká, ó béèrè ibi tí Gregory wà. Wọ́n wá a wọlé. Kí ó tó dé ìdí tábìlì, 'Abdu'l-Bahá ti tún ibẹ̀ tò, ó ti gbé àwo fún un, ó sì mú un jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún òun gan-an, sí àga tí ó ní ọlá jù. Lẹ́yìn náà ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀ nípa pé ọ̀kan ni ọmọ aráyé.

Kíyè sí bí ó ṣe tò ó, ọmọ mi. Àga ni ó kọ́kọ́ tún tò, kí ó tó sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan. Ọkùnrin tí ó pa obìnrin yẹn lẹ́nu mọ́ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan dún láìsí pé ẹnikẹ́ni dìde kúrò lórí àga tirẹ̀.

Ti pé kí a fi ohun tí ó ń pín wa níyà sílẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá ọdún 1938, Shoghi Effendi, Olùtọ́jú Ẹ̀sìn, tí ó darí ẹ̀sìn náà lẹ́yìn 'Abdu'l-Bahá, kọ lẹ́tà gígùn kan láti Haifa sí àwọn Bahá'í Amẹ́ríkà. Ó pe ẹ̀tanú àwọ̀ ní ìṣòro tí ó le jù lọ, tí ó sì ṣe pàtàkì jù lọ, tí ó dojú kọ àwùjọ wọn. Ó sọ fún àwọn aláwọ̀ funfun pé kí wọ́n sa gbogbo ipá wọn láti bọ́ ẹ̀mí mo-ga-jù-ọ́-lọ kúrò lára, àní èyí tí àwọn fúnra wọn kò mọ̀ pé ó wà nínú àwọn. Kí wọ́n yé ṣe bí ẹni tí ń ṣàánú adúláwọ̀ láti òkè. Kí wọ́n má sì kánjú mọ́ àwọn tí ọgbẹ́ wọn jinlẹ̀, tí kì í sì í tètè jinná. Ó sọ fún àwọn adúláwọ̀ náà pé kí wọ́n fi ọ̀yàyà dáhùn, kí wọ́n ṣe tán láti gbàgbé àná, kí wọ́n sì nu gbogbo ìfura kúrò. Ó wá kìlọ̀ fún apá méjèèjì pé kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹnìkejì nìkan ni iṣẹ́ náà kàn. Ẹni tí ó bá ka lẹ́tà yẹn, tí ó sì tún ń sọ pé kí a má sọ̀rọ̀ ọgbẹ́ nínú ìpàdé, kò kà á dé ìdí.

O ní kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Ní àdúgbò wa, ilé ìdílé aláwọ̀ funfun kan ní ẹ̀yìn ìlú ni kíláàsì àwọn ọmọdé ti máa ń wáyé: ilé tí ó tẹ́ rẹrẹ, tí ó ní àgbàlá koríko, tí ọkọ̀ akérò kì í dé. Ní gbogbo Àsè Ọjọ́ Mọ́kàndínlógún, ìpàdé tí àwọn Bahá'í àdúgbò máa ń ṣe ní ọjọ́ mọ́kàndínlógún-mọ́kàndínlógún, ni a máa ń kẹ́dùn pé àwọn ọmọ adúláwọ̀ kì í wá. Ní ọjọ́ kan, nígbà tí a dé apá ìfikùnlukùn, ìyá àgbà adúláwọ̀ kan dìde, ó ní ẹ̀dùn yẹn ti sú òun. Pé ẹ kò lè gbé ilẹ̀kùn sí ibi tí ẹsẹ̀ wa kò dé kí ẹ tún máa béèrè ìdí tí a kò fi kàn án. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn onílé púpọ̀. Akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó gbé e lọ síwájú Àpéjọ Ẹ̀mí ti àdúgbò, ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́sàn-án tí ó ń darí wa, wọ́n sì pinnu pé ìloro ilé ìyá àgbà náà ni kíláàsì yóò kó lọ. Àwọn òbí aláwọ̀ funfun kan kò mú ọmọ wọn wá mọ́. Àwọn kan nínú wọn padà wá lẹ́yìn oṣù púpọ̀, àwọn kan kò padà mọ́. Ìloro yẹn kún fún ọmọ títí ìyá náà fi kú.

Ìyá Ìbejì dáhùn pé:

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Àbúrò mi Olùwádìí, èmi yóò dáhùn èyí tí o béèrè nípa ìgbéyàwó, nítorí pé aláwọ̀ funfun ni ọkọ mi, inú ẹ̀sìn yìí ni a sì ti pàdé.

Òfin kan wà tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ọkùnrin àti obìnrin ni yóò yan ara wọn, kò sí ẹni tí ó lè yàn fún wọn; ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan ara wọn, gbogbo òbí tí ó wà láàyè ní ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ìgbéyàwó Bahá'í tó lè wáyé. Ìyá ọkọ mi, tí kì í ṣe Bahá'í, kò fọwọ́ sí i. Bàbá tèmi náà kò fọwọ́ sí i. Ó ní òun kò rán mi lọ sí Amẹ́ríkà kí n lọ fẹ́ òyìnbó tí a kò mọ ìdílé rẹ̀. Mo sọ èyí kí ìwọ náà lè rí i pé ẹ̀tanú kì í ṣe ti apá kan ṣoṣo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n agbára tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í dọ́gba.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọn kì í ṣe Bahá'í ní kí a lọ sí kọ́ọ̀tù kí a parí ọ̀rọ̀. A kọ̀, a sì dúró. Ní àsìkò ìdúró yẹn, ìyá ọkọ mi gbà kí n máa bá òun jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò tan tẹlifíṣọ̀n kí a má baà sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n nítorí àìsàn, kò sì fẹ́ kí n bá òun di ife tíì mú. Ọjọ́ tí ó fi ife náà lé mi lọ́wọ́ láìwo ojú mi ni mo mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kọ lẹ́tà sí bàbá mi, bàbá mi dá a padà láìṣí i, ó tún kọ òmíràn. Nígbà tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i níkẹyìn, wọn kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́. Tí a bá ti lọ ṣe é ní kọ́ọ̀tù, ìdílé méjì ni ì bá ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Louis Gregory tí Bàbá mẹ́nu kàn fẹ́ Louisa Mathew, obìnrin aláwọ̀ funfun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní New York ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1912. 'Abdu'l-Bahá ni ó fún wọn ní ìṣírí sí i, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin; ọdún 1967 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó fagi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ọkọ bá ń rìnrìn àjò kọ́ni ní gúúsù, aya kò lè bá a lọ, nítorí ewu ni fún àwọn méjèèjì. Wọ́n fara da ìyapa yẹn lemọ́lemọ́ títí wọ́n fi dàgbà. Mo máa ń rántí Louisa ju bí mo ṣe ń rántí ọkọ rẹ̀ lọ.

Àwọn ọmọ mi ti wà ní ilé-ìwé báyìí. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn wá bá mi pé kí n fi nǹkan fọ àwọ̀ òun kí ó lè dà bíi ti bàbá òun, mo sọ fún un pé Bahá'u'lláh fi adúláwọ̀ wé ọmọlójú, tí ó dúdú, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni a ti ń rí ìmọ́lẹ̀ ayé. Ó lọ wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí fún ìgbà pípẹ́, ó tún wá wo tèmi.

Ọ̀rẹ́ Òótọ́ dáhùn pé:

Bàbá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà ẹ má bínú. Mo ti jẹ́ Bahá'í rí, mo sì ti kúrò níbẹ̀. N kò kórìíra ẹnikẹ́ni, mo ṣì ń gba àwọn àdúrà kan nínú ìwé náà ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n Olùwádìí yẹ kí ó gbọ́ apá tiwa pẹ̀lú.

Gbogbo ohun tí Bàbá sọ nípa ọdún 1912 àti 1938 ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ó ń dùn mí. Ẹni tí ó ti mọ orúkọ àìsàn rẹ̀ láti ọdún 1938 yẹ kí ó ti lo oògùn tán. Ẹ wo ti South Carolina fúnra rẹ̀: ní nǹkan bí ọdún 1970, ẹgbẹẹgbẹ̀rún adúláwọ̀ ní àwọn abúlé ibẹ̀ ni ó fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gba Bahá'u'lláh gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ gba ilé dé ilé, orin ń dún, ayọ̀ gba ìlú kan. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn onílé wọ̀nyẹn ni a padà lọ kàn? Wọ́n forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì jókòó sílé, wọ́n ń retí ẹni tí yóò wá bá wọn gbàdúrà.

Ohun kejì ni ìbò. Ẹ̀sìn Bahá'í kò ní àlùfáà. Ẹni mẹ́sàn-án tí ìbò bá gbé wọlé ni ó ń darí àdúgbò. Kò sí ìpolongo, kò sí ẹni tí ń fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀, kálukú yóò gbàdúrà, yóò sì kọ orúkọ mẹ́sàn-án ní ìkọ̀kọ̀. Ètò náà mọ́, mo sì ń yìn ín títí di òní. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí o bá mọ̀ ni ọwọ́ rẹ yóò kọ, ẹni tí ẹ jọ ń jẹun ni o sì mọ̀. Ní ibi tí mo wà, àwọn ará Ìráànì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní èdè Páṣíà ní igun kan, àwọn aláwọ̀ funfun dúró ní ìdí tábìlì, àwa adúláwọ̀ sì wà ní ẹnu ọ̀nà. Ọdọọdún ni èsì ìbò ń jọ bí a ṣe dúró yẹn. Mo gbà pé àwọn ará Ìráànì yẹn náà ti fojú winá inúnibíni nílẹ̀ wọn, tí wọ́n sì sá wá síhìn-ín; èdè wọn ni ilé tí ó ṣẹ́kù fún wọn. Síbẹ̀, ẹni tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni òun wà.

Ohun kẹta ni ó lé mi lọ. Ẹ̀sìn náà ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá sọ pé lágbájá bá mi lò bí ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni mo ń sọ. Tí mo bá sì sọ ọ́ lójú rẹ̀, wọ́n á ní mo da ìṣọ̀kan rú. Ibo ni kí n wá gbé e sí? Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ọmọlójú yẹn dùn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tí ó máa ń kà á jáde jù nínú ìpàdé wa kò dé àdúgbò tí ìyá mi ń gbé rí.

Ará Johannesburg dáhùn pé:

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti South Africa, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí mo sì ti di Bahá'í. Mo fẹ́ fi ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín kún un, nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ ìbò tí Ọ̀rẹ́ Òótọ́ gbé kalẹ̀.

Nígbà ìjọba apátáídì, òfin kò gba kí dúdú àti funfun jọ máa ṣe àkóso nǹkan. Ìgbìmọ̀ tí ó ń darí àwọn Bahá'í yóò jẹ́ funfun pátá tàbí dúdú pátá. Wọ́n lè pín àwùjọ náà sí méjì, kí apá kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ìjọ ṣe ṣe. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n pinnu pé àwọn adúláwọ̀ nìkan ni yóò wà nínú ìgbìmọ̀, tí gbogbo àwùjọ, àti funfun àti dúdú, yóò sì wà lábẹ́ ìdarí wọn. Àwọn Bahá'í sọ èyí fún Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà, tí ó wádìí ìwà ibi ìgbà apátáídì, ní ọdún 1997. Mo mọ àgbàlagbà aláwọ̀ funfun kan tí ó gbé lábẹ́ ètò yẹn fún ọdún púpọ̀. Ó sọ fún mi pé ohun tí ó kọ́ òun jù ni pé kí òun mú àbá wá, kí àwọn adúláwọ̀ mẹ́sàn-án jíròrò rẹ̀ lẹ́yìn òun, kí wọ́n kọ̀ ọ́, kí òun sì tún tẹ̀ lé ìpinnu wọn tọkàntọkàn. Ó ní kò sí ibòmíràn ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà tí irú òun ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn.

N kò ní fi ìyókù pamọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1994, nígbà tí ìbò gbogboogbò kù fẹ́ẹ́rẹ́, àwọn oníbọn wọ ibi tí àwọn Bahá'í ti ń jọ́sìn ní Mdantsane, wọ́n ya àwọn adúláwọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì pa ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n wá láti Ìráànì, nítorí àwọ̀ wọn. Àwọn Bahá'í adúláwọ̀ ni ó sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀sìn náà lọ ní agbègbè yẹn lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí ó kù.

Bàbá Àgbà tún dáhùn pé:

Ọ̀rẹ́ Òótọ́, n kò bínú sí ọ. Ohun tí o sọ nípa àwọn abúlé wọ̀nyẹn dùn mí, nítorí pé mo mọ àwọn onílé kan tí ó ń retí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn dúró títí ilé iṣẹ́ rédíò tí wọ́n fi orúkọ Louis Gregory sọ fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984, ohùn rẹ̀ sì ni ó kọ́kọ́ padà wọ ilé wọn. Ìyẹn kò tó, mo gbà.

Lórí ìbò, òfin kan wà nínú lẹ́tà 1938 yẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: tí ìbò ẹni méjì bá dọ́gba, tí ọ̀kan sì jẹ́ ará ẹ̀yà tí ó kéré níye nínú àwùjọ náà, òun ni kí wọ́n gbà láìṣiyèméjì, láìtún ìbò dì. Mo ti rí i tí wọ́n lò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan wọ ìgbìmọ̀ wa báyẹn, ó sì fi ojú hàn pé ojú ń ti òun pé àánú ni wọ́n fi gbé òun wọlé. Ìyá aláwọ̀ funfun tí ìbò wọn jọ dọ́gba lọ bá a nílé, ó ní òun wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa lọ sí ìpàdé. Bí kò bá lọ, àga náà yóò ṣófo, nítorí pé òun kò ní jókòó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé òfin yìí kò lè ran ẹni tí ìbò rẹ̀ kò tilẹ̀ súnmọ́ ti ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Oúnjẹ àjọjẹ nìkan ni ó lè yanjú èyí, mi ò sì ní bá ọ jiyàn lórí rẹ̀.

Ti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, kí Olùwádìí náà lè gbọ́. Ẹni tí ó bá gbé ìwà tí wọ́n hù sí i lọ síwájú Àpéjọ Ẹ̀mí kò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Nítorí irú rẹ̀ ni Àpéjọ ṣe wà. Nínú ìfikùnlukùn náà, ẹ̀kọ́ ni pé kí kálukú sọ èrò rẹ̀ ní òmìnira pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú tí èrò bá tako èrò, nítorí pé ibi tí èrò ti kọlu èrò ni iná òtítọ́ ti ń ṣẹ́. Àwọn tí ó fi òfin ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn dí ọ lẹ́nu ṣi òfin náà lò. Ó dùn mí pé kò sí ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ nígbà yẹn.

Olùwádìí tún béèrè pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yín kò rọrùn láti sọ. Ìbéèrè kan ló kù. Níwọ̀n ìgbà tí èmi kò tíì forúkọ sílẹ̀, ṣé mo lè gbé ọ̀rọ̀ tí mo rí yìí dé iwájú Àpéjọ Ẹ̀mí ti àdúgbò wa, àbí Bahá'í nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀?

Ìyá Ìbejì dáhùn pé:

Àbúrò mi, apá ìfikùnlukùn nínú Àsè Ọjọ́ Mọ́kàndínlógún wà fún àwọn tí ó ti forúkọ sílẹ̀, nítorí náà o kò ní lè dìde sọ ọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dí Àpéjọ Ẹ̀mí lọ́wọ́ láti gba lẹ́tà tàbí àlejò láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe Bahá'í. Kọ ọ́ sí akọ̀wé, sọ pé o fẹ́ rí wọn, kí o sì kọ ohun tí etí rẹ gbọ́ àti èyí tí wọ́n sọ fún ọ nípa àwa ará Áfíríkà, nítorí pé ìkejì yẹn ṣe pàtàkì bí ìkíní. Kí o tó fi ránṣẹ́, kọ́kọ́ bi ìyá ọmọ náà léèrè bí ó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, òun ni ó ni í. Tí ó bá ní rárá, kọ kìkì èyí tí ó kan ìwọ.

Tí ìwọ àti ìyàwó rẹ bá pinnu láti forúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ àkọ́kọ́ Riḍván, àjọ̀dún ńlá àwọn Bahá'í, tó dé ní oṣù Kẹrin, ẹ ó lè wà lára àwọn tí yóò dìbò yan Àpéjọ tuntun. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú.